Ọmọ mi fẹ́ jáde ní Fort Jackson: kí ni ká gbé dání, báwo la ó ṣe kí i?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Àkọ́bí wa ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, lo ọdún kan péré ní yunifásítì, ló bá lọ wọṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Fort Jackson ní Columbia, South Carolina, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun tuntun, ló wà báyìí. Wọ́n ní tó bá kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó bá fara gbọgbẹ́ ló máa lọ kọ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ló ti pè wá, kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ ti há, "Yes, ma'am" ló sì ń dá mi lóhùn bíi pé wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ fún mi. Ọkọ mi ní òun ò ní lọ. Ìyá mi ń bẹ lọ́dọ̀ wa láti Ìbàdàn, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ti fárígá pé dandan ni káwọn bá wa lọ. Mo ti ra àǹkárá fún èèyàn mẹ́jọ. Kí ni ká sè dání? Ṣé ó máa lè dọ̀bálẹ̀ kí ìyá mi pẹ̀lú aṣọ ológun lọ́rùn? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ọmọ mi ṣì ni?

Ìdáhùn

Màmá wa, ẹ kú àárò ọmọ o. Ọdún 22 ni mo fi wọ aṣọ yẹn kí n tó fẹ̀yìn tì, ọmọbìnrin tèmi náà sì gba Fort Jackson kọjá. Mo mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tó dúró lórí pápá, mo sì mọ bó ṣe ń rí lára òbí tó jókòó tó ń wá ojú ọmọ rẹ̀ láàárín èrò.

Ìbéèrè tí ẹ fi kádìí ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yín ṣì ni. Ohun tí mo fẹ́ fi bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má fi ọjọ́ yẹn dán an wò. Wákàtí díẹ̀ ni wọ́n máa yọ̀ǹda rẹ̀ fún yín, ọ̀pọ̀ ìdílé wa ló sì ń fi wákàtí yẹn ṣe òde: fọ́tò lórí fọ́tò, àdúrà ẹni mẹ́wàá, ìpè fídíò sí Nàìjíríà, ìbéèrè tí kò lópin. Ọmọ á padà sí bárékè, á sì ti rẹ̀ ẹ́ ju ìgbà tó jáde lọ. Ọ̀dọ̀ yín ló ti fẹ́ wá sinmi. Ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ẹ gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, kí "Yes, ma'am" yẹn má baà máa dùn yín. Ọ̀sẹ̀ 10 ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ yìí. Ní kété tó wọlé ni wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì gé irun rẹ̀ kodoro. (Ẹ tètè sọ èyí fún màmá kí wọ́n tó rí i, nítorí lọ́dọ̀ tiwa, orí ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ṣàdédé fá máa ń mú ọkàn àgbàlagbà lọ sí ibòmíràn.) Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń jí wọn. Lóru, wọ́n á tún pín ìṣọ́ láàárín ara wọn, kí ẹnì kan lè máa ṣọ́ àwọn tó ń sùn. Wọ́n ti kó wọn sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ tajútajú kún, wọ́n ní kí wọ́n ṣí ìbòjú wọn níbẹ̀, kí olúkúlùkù lè fi ojú ara rẹ̀ mọ iṣẹ́ tí ìbòjú náà ń ṣe. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ìbọn. Kó tó di pé ẹ fojú kàn án, ó ṣì gbọ́dọ̀ la èyí tí wọ́n ń pè ní "The Forge" kọjá: wákàtí 96 nínú igbó, ẹrù lẹ́yìn, oorun díẹ̀, oúnjẹ inú ọ̀rá, ìrìn lórí ìrìn.

Ní gbogbo àsìkò yìí, "Yes, Drill Sergeant", "Yes, sir", "Yes, ma'am" nìkan ni wọ́n gbà lẹ́nu rẹ̀. Tó bá wá ráyè pè yín, kò tíì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni. Ohùn tó há, orin tí wọ́n ń lé bí wọ́n bá ń rìn ló há a, pẹ̀lú igbe tí wọ́n ń ké láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Àwọn òbí tó dàgbà sí Nàìjíríà sábà máa ń bi mí bóyá wọ́n ń na àwọn ọmọ. Òfin kò fàyè gba sájẹ́ǹtì láti lù wọ́n. Púṣọ́ọ̀pù ni wọ́n fi ń jẹ wọ́n níyà, àti ariwo létí.

Ó kan ti orí pápá. Ní Fort Jackson, Ọjọ́rú ni Ọjọ́ Ìdílé sábà máa ń bọ́ sí, Ọjọ́bọ̀ ni ayẹyẹ ìjáde gan-an, lórí pápá kan tí wọ́n ń pè ní Hilton Field. Lẹ́tà tí ẹ̀ka ọmọ yín bá fi ránṣẹ́ ni kí ẹ tẹ̀ lé ju ohunkóhun tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu èèyàn lọ, èmi náà wà lára wọn. Ẹ ó jókòó, koríko á tẹ́ lọ níwájú yín títí dé ẹ̀bá igbó. Láti ibẹ̀ ni èéfín á ti bẹ̀rẹ̀ sí rú, orin á máa dún kíkankíkan, àwọn ọmọ á sì yọ láti inú èéfín náà. Gbogbo wọn jọra. Aṣọ kan náà, fìlà kan náà, ẹsẹ̀ ń lọ pọ̀, ẹsẹ̀ ń bọ̀ pọ̀. Tí ẹ ò bá tètè rí tiyín, ẹ má jáyà. Èmi tí mo ti fi ọdún 22 wo irú èrò bẹ́ẹ̀, mi ò dá ọmọ mi mọ̀, àfi ìgbà tí ìyàwó mi na ìka sí i tó ní, "Wo ẹsẹ̀ rẹ̀, báyẹn ló ṣe ń rìn láti kékeré."

Tí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá bá parí, wọ́n á ní kí àwọn ìdílé sọ̀kalẹ̀. Ibí ni kí ẹ ti ṣọkàn gírí. Ọmọ yín kò ní sáré pàdé yín. Á dúró gbọnin, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, ojú níwájú, kò ní yíjú sí yín bí ẹ tilẹ̀ ń pè é, títí ẹni tirẹ̀ yóò fi fọwọ́ kàn án. Ìfọwọ́kàn yẹn ló ń tú u sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá wa ni kò mọ̀, tí wọ́n á dúró lọ́ọ̀ọ́kán máa sunkún pé ọmọ àwọn ti di òkúta.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ wa lọ́jọ́ tirẹ̀. Wọn ò tètè fọwọ́ kàn án. Wọ́n dúró síwájú rẹ̀, wọ́n wo bàtà, wọ́n wo bẹ́líìtì, wọ́n wo ojú tó ń wo ọ̀kánkán tí kò wò wọ́n, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí kì í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: ọmọ Oníkòyí, ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn. Ara ọmọ kò mì. Ṣùgbọ́n omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó ń kán sí ọrùn aṣọ, kò sì gbọ́wọ́ sókè nù ún. Etí gèlè ni ìyá mi fi nù ún. Bí aṣọ yẹn ṣe kan ojú rẹ̀ báyìí ló mí kanlẹ̀, ló wó mọ́ wọn láyà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí màmá fọwọ́ kàn án, tí ẹsẹ̀ wọn bá lè gbé wọn dé ibẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ti wá, ìlú tó bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó ogun; wọn ò ní wá oríkì tì.

Ẹ má retí ìdọ̀bálẹ̀ lórí pápá. Ojú àwọn ọ̀gá rẹ̀ wà lára rẹ̀, aṣọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ títí ọjọ́ á fi parí, àwọn ẹlòmíràn sì ń dúró yí i ká. Tí ẹ bá ti kúrò láàárín èrò, tí ẹ rí abẹ́ igi kan, ẹ ó rí ohun tó máa ṣe fúnra rẹ̀. Ọmọ tèmi kúnlẹ̀ fún ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Bákan náà, ẹ má ní kó pààrọ̀ aṣọ sí àǹkárá tí ẹ rán fún un, kò láṣẹ. Ẹ má ní kó bọ́ fìlà níta nítorí fọ́tò, ẹ má sì bínú tó bá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu yín láti kí ọ̀gágun tó ń kọjá. Ọ̀ranyàn ni.

Ọ̀rọ̀ bàbá ọmọ ló ká mi lára jù. Mo mọ irú ìbínú yẹn, mo sì mọ ibi tó ti ń wá. Ọkùnrin tó dàgbà ní Nàìjíríà lábẹ́ ìjọba ológun, pàápàá láàárín 1983 sí 1999, sọ́jà tó mọ̀ ni ẹni tó ń fi kòbókò na awakọ̀ lójú títì níṣojú ọmọ rẹ̀. Òbí tó wá kó ẹrù, tó kọjá òkun, tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru kí ọmọ lè kàwé, tí ọmọ náà wá ń sọ pé sọ́jà lòun fẹ́ ṣe, ó dà bíi kí wọ́n da omi tútù sí i láyà. Mi ò ní bá a jà lórí ìyẹn.

Àmọ́ ẹ bá mi sọ ohun méjì fún un. Èkíní, ọmọ náà kò ju ìwé nù. Ìjọba ń san lára owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ ogun tó bá ń kàwé nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, tó bá sì sin ìlú pé ọdún mẹ́ta, ètò tí wọ́n ń pè ní Post-9/11 GI Bill á san oṣù 36 ní yunifásítì fún un. Mo mọ àwọn ọmọ wa tó gba ọ̀nà yìí di nọ́ọ̀sì láìjẹ gbèsè kọ́bọ̀. Iṣẹ́ tí ọmọ yín sì mú, iṣẹ́ ìlera ni. Èkejì, mo ti rí ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò wá fọwọ́ kàn. Pápá ń tú lọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá ìyá àti bàbá mọ́ra, òun dúró síbẹ̀, ojú níwájú. Ìdílé ẹlòmíràn, àwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí, ló padà wá fọwọ́ kàn án léjìká. Mi ò gbàgbé ojú ọmọ yẹn títí di òní.

Bàbá, tí wọ́n bá ka èyí sí yín létí, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ. Ẹ ò ní láti sọ pé inú yín dùn. Ẹ ṣáà wà níbẹ̀. Tí ẹ ò bá sì lè lọ lóòótọ́, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ìwé sí i, kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́. Ìwé tí wọ́n bá rí gbà láti ilé, àpò àyà ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n á kà á títí á fi gbó.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ẹnu géètì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń pàdánù ayẹyẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún 18 gbọ́dọ̀ mú ìwé ìdánimọ̀ tó péye dání, wọ́n á sì yẹ orúkọ rẹ̀ wò kí wọ́n tó fún un níwèé àbáwọlé. Láti ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 2025 ni òfin REAL ID, tó ní kí láísẹ́ǹsì bá ìlànà ìjọba àpapọ̀ mu, ti múlẹ̀, nítorí náà ẹ wo ojú láísẹ́ǹsì yín bóyá àmì ìràwọ̀ wà lókè rẹ̀. Ti màmá yàtọ̀. Pásípọ́ọ̀tù wọn gan-an ni kí wọ́n mú, kì í ṣe fọ́tòkọ́pì, pẹ̀lú ojú ìwé fìsà àti ẹ̀rí ọjọ́ tí wọ́n wọ Amẹ́ríkà. Kí ẹ sì pe ọ́fíìsì tó ń fún àlejò níwèé àbáwọlé láti ìsinsìnyí, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àlejò tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, torí ó lè gbà wọ́n lákòókò. Ẹ má dúró di àárọ̀ Ọjọ́rú. Àbúrò ìyàwó mi gbàgbé káàdì sí hòtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó fi padà dé, èéfín ti tán lórí pápá.

Ẹni tó bá wa ọkọ̀ á mú láísẹ́ǹsì, ìwé ọkọ̀ àti ìwé adójútòfò. Tí ẹ bá háyà ọkọ̀, ẹ mú ìwé àdéhùn rẹ̀. Texas sì ni ẹ ti ń bọ̀, ẹ yẹ inú mọ́tò wò dáadáa kí ìbọn ẹnikẹ́ni má baà wà lábẹ́ àga. Láti Houston dé Columbia ní South Carolina tó bíi máìlì 1,000, mi ò sì ní gba àgbàlagbà nímọ̀ràn kí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ bàálù. Tí owó ti Columbia bá pọ̀ jù, ẹ wo ti Charlotte. Bíi wákàtí kan ààbọ̀ ni wíwa ọkọ̀ láti ibẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kí ẹ ti wọ̀lú, kí ẹ lọ parí ọ̀rọ̀ ìwé àbáwọlé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Àǹkárá yẹn á dára gan-an, ó sì máa jẹ́ kó rí yín láti òkèèrè. Ẹ kàn fi gèlè gíga sílẹ̀, ìyá ẹlòmíràn wà lẹ́yìn yín tó ń wá ọmọ tirẹ̀. Oòrùn Columbia nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ṣeé fojú di, ẹ mú omi dání fún màmá, kí wọ́n wọ bàtà pẹlẹbẹ.

Oúnjẹ. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń ro ìrẹsì, ẹran díndín, ẹ̀fọ́ rírò, àti iyán pàápàá. Ẹ gbọ́ mi o: ọ̀sẹ̀ 10 ni ọmọ yìí ti fi ń jẹun ní kíákíá, oúnjẹ tí kò láta. Inú rẹ̀ ti yí padà. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń jẹ àjẹjù lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n sì ń bì í kó tó di alẹ́. Ẹ sè é díẹ̀díẹ̀, kí ata rẹ̀ má pọ̀: mọ́ínmọ́ín, dòdò, ìrẹsì díẹ̀, ẹja tàbí adìyẹ. Ẹ fi yìnyín sí kúlà. Ohun tí kò bá lè jẹ tán, ẹ̀yin lẹ ó gbé e padà. Kò lè mú oúnjẹ wọ bárékè. Ọtí, ó tì. Sìgá, ó tì. Kí ẹnikẹ́ni má sì fún un ní àgbo, jẹ̀díjẹ̀dí ni o, ibà ni o, tàbí òróró èyíkéyìí tí wọ́n fi igbó ṣe. Wọ́n ń yẹ ìtọ̀ wọn wò, iṣẹ́ rẹ̀ sì lè bọ́ nítorí ìfẹ́ ìyá àgbà. Ẹ ṣàlàyé èyí fún màmá pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí mo mọ̀ pé ìgò kan ti wà nínú àpò wọn.

Mo tún mọ̀ pé yóò wù yín láti dúpẹ́ lọ́wọ́ sájẹ́ǹtì tó kọ́ ọ. Ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹ sọ fún un pé ẹ mọrírì rẹ̀. Kí ọwọ́ yín má mú ẹ̀bùn tàbí àpòòwé dání. Kò lè gbà á, ó sì lè kó o sí wàhálà.

Tí ẹ bá ti jẹun, ẹ fún un ní ṣájà fún fóònù rẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́. Ọmọ ọdún 19 ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ kàn sí. Ó lè sùn lọ. Ọmọ tiwa sùn fún wákàtí méjì lórí itan ìyá rẹ̀ nínú mọ́tò, bàtà rẹ̀ ń yọ lẹ́nu ọ̀nà, a kò sì jí i. Àwọn kan nínú ẹbí ń ṣàròyé pé ọ̀nà jíjìn la ti wá. Ìyàwó mi ní oorun náà la wá wò.

Ìbéèrè tí ẹ lè bi í ni ti ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ sùn, ti ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, ti oúnjẹ tó wù ú. Ẹ má bi í bóyá ó kábàámọ̀. Ẹ má sì sunkún pé kó máa bọ̀ nílé, kó fi wọ́n sílẹ̀; ó ti bọwọ́ lùwé, ọmọ ogun tó bá sá lọ láìgbàṣẹ ti dẹ́ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀ sí ka gbèsè ilé fún un, ti pé owó oṣù ti ń wọlé. Èyí kò yẹ kó bọ́ sí ọjọ́ yẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ dá bi í, ẹ̀yin nìkan, nígbà tí àwọn tó kù bá jìnnà díẹ̀: "Ṣé ara rẹ le? Ṣé ọkàn rẹ le?" Kí ẹ wo ojú rẹ̀ tó bá ń dáhùn. Tó bá sọ ohun tó kọ yín lóminú, ẹ má pariwo. Àlùfáà ológun wà níbẹ̀ tó lè bá sọ̀rọ̀ láìsí pé ọ̀rọ̀ náà dé etí ọ̀gá, ó sì lè pe 988, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí ìdààmú ọkàn bá, kó tẹ 1, lọ́sàn-án tàbí lóru.

Ẹ ò sọ bóyá green card ló ṣì ń lò. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bi í léèrè bóyá wọ́n ti gba fọ́ọ̀mù N-400 (ìwé tí a fi ń béèrè láti di ọmọ Amẹ́ríkà) àti N-426 (ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́ ológun) lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2009 ni wọ́n dá ètò sílẹ̀ pé kí ọmọ ogun lè di ọmọ Amẹ́ríkà níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kò sì sí owó fọ́ọ̀mù fún un.

Kí ẹnì kan nínú yín máa wo aago láti òwúrọ̀. Wákàtí tí wọ́n bá dá fún un, ẹ mú un padà kí ó tó pé, nítorí òun nìkan ni wọ́n máa bá wí tó bá pẹ́. Á yí padà lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ á tún le padà, ẹ̀yìn rẹ̀ á tún nà. Ẹ má pè é padà fún àdúrà kan sí i, inú mọ́tò ni kí ẹ ti gbà á tán. Lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀, kò ní pẹ́ tí bọ́ọ̀sì tàbí bàálù á gbé e lọ sí Fort Sam Houston ní San Antonio, níbi tí àwọn tó mú iṣẹ́ rẹ̀ ti ń kẹ́kọ̀ọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ 16. Bíi máìlì 200 ni láti ẹnu ọ̀nà yín, wákàtí mẹ́ta. Ẹ tọ́jú kúlà yẹn, tó bá di ọjọ́ tí wọ́n bá fún un láyè níbẹ̀, inú rẹ̀ á ti lè gba iyán àti ẹ̀fọ́.